Ìjókòó táámínà: ṣé àjíǹde ni àbí àtúntò?

Ẹ kú àpérò o, láti Adó-Èkìtì.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: kí ni a ó máa pe session (àkójọ fèrèsé iṣẹ́ téèyàn ṣí) nínú tmux, ètò tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ inú táámínà máa lọ bí èèyàn tilẹ̀ jáde, kí ni a ó máa pe fífi í pamọ́, kí sì ni a ó máa pe mímú un padà lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà bá ti kú. Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé ṣáájú ní ká lo “àjíǹde” fún ẹ̀kẹta yìí, torí pé ohun tí orúkọ tmux-resurrect, plugin (àfikún ètò) tó ń fi ìjókòó pamọ́ tó sì ń mú un padà, túmọ̀ sí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn.

“Ìjókòó” tó fún session. Ẹnì kan ní ìjókòó ti parí nígbà tí èèyàn bá dìde. Rárá o. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin máa ń sún ìjókòó síwájú, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ, wọ́n á sì padà wá bá ọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n bá a dé. Bí ẹ bá tẹ Ctrl-b, tí ẹ wá tẹ d, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí: ẹ̀yin lẹ jáde, sáfà tmux (apá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀) kò jáde. Ẹ kọ tmux attach, gbogbo nǹkan ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ibi tí “àjíǹde” ti kùnà nìyí. Ẹ wo ọpọ́n ayò lábẹ́ igi ọdán. Bí àwọn òǹtayò bá dìde lọ jẹ iyán, ọmọ ayò wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan (ulé, bá a ṣe ń pè é níbí) bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Attach nìyẹn. Ṣùgbọ́n ká ní ewúrẹ́ sáré kọjá, ó da ọpọ́n dé, ọmọ ayò 48 fọ́n ká. Bí ẹnì kan bá ti kọ iye tó wà nínú ilé méjèèjìlá sílẹ̀, ẹ lè tún un tò. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta á lọ ńkọ́? Ìyẹn ti lọ.

Ewúrẹ́ wa ni iná tó lọ lójijì. Àkọsílẹ̀ lásán sì ni tmux-resurrect ń ṣe. Ctrl-b, lẹ́yìn náà Ctrl-s, ó kọ fáìlì kan sínú ~/.local/share/tmux/resurrect (tàbí ~/.tmux/resurrect, bí fódà yẹn bá ti wà tẹ́lẹ̀). Ẹ ṣí i wò: ìlà kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pane (apá kan nínú fèrèsé tí a pín), òmíràn pẹ̀lú window, òmíràn pẹ̀lú state, orúkọ ìjókòó, fódà tí ẹ wà àti àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Ohun tó wà nínú mẹ́mórì kò sí níbẹ̀ rárá. Bí ẹ bá tẹ Ctrl-b àti Ctrl-r, ó ń ṣí fèrèsé tuntun, ó pín in bó ṣe wà, ó wọ fódà, ó sì tún àṣẹ pè láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo àṣẹ: vim, nvim, emacs, man, less, tail, top, htop àti díẹ̀ mìíràn ni. Ẹni tó bá fẹ́ ssh tàbí psql gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fúnra rẹ̀ sínú fáìlì ìṣètò tmux:

set -g @resurrect-processes 'ssh psql'

Iṣẹ́ tó ti dé ìdajì kò ní tẹ̀ síwájú. Ẹni tí a bá sọ “àjíǹde” fún á máa retí pé kó tẹ̀ síwájú, ó sì máa pàdánù iṣẹ́.

Nítorí náà, “àtúntò” ni tèmi. Mo mọ̀ pé àwọn olóṣèlú ti fi ọ̀rọ̀ yẹn pariwo tó. Ẹnì kan dábàá “àtúntẹ́”, ó dùn mọ́ mi, àmọ́ ẹni tí kì í fi àmì ohùn sí i á kà á sí àtúntẹ̀ ìwé.

“Fi pamọ́” ti mọ́ wa lára, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

“Aládàáṣe” (automatic) ló kù. tmux-continuum, plugin kejì tó ń bá resurrect ṣiṣẹ́, ń fi ìjókòó pamọ́ ní ìṣẹ́jú 15 sí 15, ṣùgbọ́n inú status-right (apá ọ̀tún ìlà tó wà nísàlẹ̀ ojú tmux) ló fara pamọ́ sí. Bí tmux bá ń tún ìlà ìsàlẹ̀ yẹn kọ, ni continuum ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àkókò ti tó. Bí ẹ bá pa ìlà náà, tàbí tí àwọ̀ (theme) tí ẹ gbé lé tmux bá kọ status-right tirẹ̀ lẹ́yìn continuum, ìfipamọ́ dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Òun ni kó gbẹ̀yìn nínú àwọn plugin. Àtúntò sì ní bọ́tìnnì tirẹ̀ lọ́tọ̀:

set -g @continuum-restore 'on'

Láìsí èyí, yóò máa fi pamọ́, kò ní tò ó padà fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fi “aládàáṣe” kan ṣoṣo bo méjèèjì.

Bí iná bá lọ nígbà tí resurrect ń kọ fáìlì lọ́wọ́, fáìlì tuntun lè ṣófo, “last”, atọ́ka tó ń sọ fáìlì tí wọ́n máa fi ṣe àtúntò, á sì máa tọ́ka sí òfìfo. Ẹ ṣe ls -l nínú fódà náà, ẹ mú èyí tó tóbi ju 0 lọ tó sì jẹ́ tuntun jù, kí ẹ darí last sí i:

ln -sf tmux_resurrect_20240510T091500.txt last

Fún pane, “ìpín” ni mò ń lò, kò sì tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ta ló ní èyí tó sàn jù?