Ohun tí à ń bá pàdé lórí omi ọmú àkọ́kọ́, láti Kúbwà dé Kánò

Agbẹ̀bí, Kúbwà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ jù ní yàrá ìgbẹ̀bí ni “Nọ́ọ̀sì, kò sí nǹkan kan nínú ọmú yìí.” Ìyá ọmọ ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́, ìyá ọkọ á gbè é lẹ́sẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ra mílíìkì alágolo.

Nǹkan wà níbẹ̀, omi ọmú àkọ́kọ́ tó pupa rúsúrúsú ni. Ó kéré lójú ni, ó sì yẹ kó kéré. Láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, ohun tí ọmọ ń mu lẹ́ẹ̀kan kì í sábà ju mílílítà 2 sí 10 lọ. Ṣíbí tíì kan, mílílítà 5 nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì ó máa ń tó 5 sí 15, lọ́jọ́ kẹta 15 sí 30. Ọmú kì í sábà kún títí di ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, torí ìgbà tí ibi bá ti jáde ni èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń dá wàrà dúró tó ń lọ sílẹ̀. Ìdí kan nìyí tí a fi ń yẹ ibi wò fínnífínní: bí ègé rẹ̀ bá ṣẹ́kù sínú ilé ọmọ, wàrà lè pẹ́ kó tó dé.

Mílíìkì alágolo ló ń da gbogbo rẹ̀ rú. Ọmọ á mu ún yó, á sùn fọnfọn, kò ní fa ọmú. Ọmú tí wọn kò bá sì fà, kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun ṣe sí i. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ọmú á le bí òkúta, dúdú orí rẹ̀ á nà tan-tan, ẹnu ọmọ kò ní lè gbá a mú mọ́.

Kí ẹ gbé ọmọ sí ìyá láyà ní ìhòòhò, kí awọ kan awọ, kí ẹ da aṣọ bo ẹ̀yìn rẹ̀, kó sì mu ọmú kí wákàtí kan tó pé. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ là gbàgà, kí àgbọ̀n kan ọmú, kí ètè ìsàlẹ̀ yí síta. Bó bá ṣì ń dun ìyá lẹ́yìn ìfàmu bíi mélòó kan, orí ọmú nìkan lọmọ mú. Ẹ fi ìka kékeré tó mọ́ sí igun ẹnu rẹ̀, ẹ já a, ẹ tún un gbé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá láàárín wákàtí 24, tọ̀sán-tòru.

Ìtọ̀ la fi ń mọ̀ pé ó ń rí mu: ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kẹta.

Òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, Sabon Gari, Kánò

Ti ọ̀dọ̀ wa níbí ju mílíìkì lọ. Àwọn kan gbà pé omi pupa rúsúrúsú yẹn ti pẹ́ jù nínú ọmú, pé ó ti bàjẹ́, wọ́n á fún un dànù fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Àwọn mìíràn á ju èèrà sínú rẹ̀. Bí èèrà bá kú, wọ́n ní májèlé ni. Ohunkóhun tó bá nípọn ni èèrà ń kú sínú rẹ̀. Ẹ jù ú sínú oyin, ẹ wò ó bóyá á jáde. Èròjà tó ń pọ́n epo pupa àti kárọ́ọ̀tì náà ló pọ́n omi ọmú yẹn, òun ni ara fi ń ṣe fítámì A.

Àwa Yorùbá náà kò mọ́ níbẹ̀. Àgbo, omi gbígbóná, omi hántù (omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà), gbogbo wọn ń ṣáájú ọmú wọ ẹnu ọmọ. Omi tí wọ́n sì rà lọ́wọ́ mẹ́rúwà ni. Ìfun ọmọ tuntun kò tíì ní ààbò. Omi ọmú àkọ́kọ́ ló ń tẹ́ nǹkan sí ògiri ìfun tí kòkòrò kò fi ní rí ibi dì mú, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ó dùn mí púpọ̀ láti rí i tí wọ́n ń dà á sílẹ̀.

Oyin ìkómọ náà wà níbẹ̀. Kí ìyá tọ́ ọ wò fún ọmọ. Oyin kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1, kòkòrò inú rẹ̀ lè mú ọmọ rọ jọwọrọ.

Ìyá àgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìyá ọmọ. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ kí wọn, ẹ fún wọn níṣẹ́: àwọn ni kó máa ka ìtọ̀ ọmọ, àwọn ni kó máa se ẹ̀kọ gbígbóná fún ìyá. Bó bá jẹ́ ilé Mùsùlùmí, ẹsẹ 233 nínú Súrà Bàkárà sọ pé kí ìyá fún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì gbáko. Kò ní kí wọ́n dúró di ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì yàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, Gwagwalada

Ẹ ṣeun, Kánò. Ti àwọn ọmọ tí kò lè fa ọmú ni mo fẹ́ fi kún un. Ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 34 nínú oyún, fífà, gbígbé mì àti mímí kì í tíì bá ara wọn mu lára rẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ ni ìyá máa fi fún omi ọmú náà jáde, kó sì bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 6 tó pé lẹ́yìn ìbí.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ rọra fi ọwọ́ pa ọmú lára fún ìṣẹ́jú méjì. Àtàǹpàkò lókè, ìka ìlábẹ̀ nísàlẹ̀, kí wọ́n jìnnà sí orí ọmú tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Ẹ tì í sẹ́yìn sí àyà, ẹ fún ìka méjèèjì pọ̀, ẹ tú u sílẹ̀. Tì, fún, tú. Bí ìka bá ń yọ̀ wá síwájú lórí awọ, ara ìyá lẹ ń bó lásán. Nǹkan lè má yọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀; lẹ́yìn náà ẹ̀kán kan á dúró lórí ọmú bí ìlẹ̀kẹ̀, ó nípọn, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Ẹ fi sírínjì mílílítà 1 tí kò ní abẹ́rẹ́ fà á. Bó bá dá, ẹ yí ìka sí ìhà mìíràn, lẹ́yìn náà ẹ bọ́ sí ọmú kejì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lójúmọ́, kí ọ̀kan wà lóru. Ẹ má tíì gbára lé pọ́ǹpù lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ohun tó kéré báyìí, ara rọ́bà ni á lẹ̀ sí tán.

Ọmọ tó ń gba oúnjẹ nínú rọ́bà imú pàápàá, a máa ń kán mílílítà 0.1 sí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún àti òsì.

Ní ti títọ́jú rẹ̀: wákàtí 4 bí yàrá bá tutù tó ìwọ̀n 25 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ooru oṣù March níbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò yẹ kó pẹ́ tó yẹn níta. Kúlà pẹ̀lú yìnyín, wákàtí 24. Fíríìjì tí iná rẹ̀ kò ń lọ, ọjọ́ 4.

Ìyá ọlọ́mọ tuntun, Lúgbẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìyá tó wà lórí oògùn HIV ńkọ́?

Agbẹ̀bí, Kúbwà

Kó fún un, ọmú nìkan, fún oṣù mẹ́fà, kó má ṣe pa oògùn rẹ̀ jẹ, kí ọmọ náà sì lo oògùn tí wọ́n bá fún un nílé ìwòsàn. Kí ó má fi àgbo tàbí mílíìkì lú u.

Apoògùn, Ńyanyàn

Ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà yẹn, ohun tó ń mú ojú ọmọ pọ́n bíi ti ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ wà nínú rẹ̀. Bó bá pẹ́ nínú ìfun, ara á tún fà á padà sínú ẹ̀jẹ̀. Omi ọmú àkọ́kọ́ ló ń tì í jáde. Ó yẹ kí ìgbẹ́ náà ti máa di pupa rúsúrúsú tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Omi glúkóòsì kò lè ṣiṣẹ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn òwúrọ̀ kì í ṣe ìtọ́jú.

Ẹ má fi aṣọ tó ti bá káńfọ̀ gbé nínú àpótí wọ ọmọ o. Àwọn ọmọ wa kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í gba káńfọ̀, ó máa ń fọ́ ni, ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ wọn á sì kọjá ohun tí ọmú lè ràn lọ́wọ́. Bí ojú ọmọ bá pọ́n kí wákàtí 24 tó pé lẹ́yìn ìbí, tàbí ó sùn tí kò ṣeé jí fún ọmú, ilé ìwòsàn lóru náà. Kí ìyá máa fún ẹ̀kán díẹ̀díẹ̀ sí i lẹ́nu lójú ọ̀nà bí ọmọ bá lè gbé e mì.