"Ìjùhán" yàtọ̀ sí "ìjùfò": èsì lórí orúkọ eré orí yìnyín ẹlẹ́ni-méjì

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè,

Mo ka ìtàn tí ọ̀kan nínú wa fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa Aliona Savchenko, obìnrin tí wọ́n bí sí Obukhiv ní Ukraine, tó sì gba wúrà Òlíńpíìkì fún Jámánì ní ọdún 2018. Nínú ìtàn náà, ó pe eré tí Savchenko ń ṣe, èyí tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan jọ ń fi bàtà abẹ ṣe lórí yìnyín ("pair skating" ní Gẹ̀ẹ́sì), ní "ijó tọkọtaya lórí yìnyín", ó pe gbogbo ìgbà tí ọkùnrin bá fi ọwọ́ ju obìnrin ní "ìjùsókè", ó sì dá "òòyì ikú" fún ọ̀kan nínú àwọn àrà wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan fi Yorùbá kọ̀wé nípa eré tí ọ̀pọ̀ wa kò rí rí àfi lórí tẹlifíṣọ̀n. Síbẹ̀, n kò lè fara mọ́ àwọn orúkọ yìí, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

"Tọkọtaya" ni ó yẹ kó kọ́kọ́ kúrò. Savchenko àti Stanislav Morozov jọ gba ipò kìíní àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́ ní ọdún 2000. Láti ọdún 2003 títí di 2014, Robin Szolkowy, ọmọ Jámánì tí bàbá rẹ̀ wá láti Tanzania, ni wọ́n jọ ń ṣeré. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n gba ipò kìíní àgbáyé, wọ́n sì gba idẹ Òlíńpíìkì ní Vancouver àti ní Sochi. Lẹ́yìn ìyẹn ni Bruno Massot, ọmọ Faransé, wá dara pọ̀ mọ́ ọn. Òǹkàwé tó bá rí "tọkọtaya" nínú ìtàn yìí yóò gbà pé ọkọ mẹ́ta ni obìnrin náà fẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò fẹ́ ìkankan nínú wọn. "Ẹnìkejì" náà kò bọ́ nínú ewu kan náà. Mo dábàá "ẹlẹ́ni-méjì" fún irú eré náà, àti "alájọṣeré" fún ẹni tí a jọ ń ṣe é, gẹ́gẹ́ bí a ti ní alájọgbé àti alájọbí.

Ní ti "ijó", ọ̀rọ̀ náà ti ní ẹni tó ni ín. Eré ẹlẹ́ni-méjì ti wà nínú Òlíńpíìkì láti ìgbà ti London ní ọdún 1908, ṣùgbọ́n irú kejì wà tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan náà ń ṣe, èyí tó wọ Òlíńpíìkì ní Innsbruck ní ọdún 1976, tí àwọn tó ni ín fúnra wọn sì ń pè ní ijó. Nínú ijó yẹn, òfin kò gbà kí ọkùnrin gbé obìnrin kọjá orí ara rẹ̀, kò sì gbà kí ó jù ú. Bí a bá ti ná "ijó" tán lórí eré Savchenko, kí ni a ó wá pe ijó gan-an? Àwọn kan ti sọ "eré ìyọ̀", ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó yọ̀ ni ẹsẹ̀ tó fẹ́ ṣubú. Ìrìn tí àwọn eléré wọ̀nyí ń rìn lórí abẹ tó wà lábẹ́ bàtà wọn, geere ni ó ń lọ, bí ọkọ̀ tí odò gbà láàyè. Nítorí náà, "àlọgeere orí yìnyín" ni mo fara mọ́.

Orí "ìjùsókè" ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jùlọ, nítorí pé ohun méjì tó yàtọ̀ síra pátápátá ni ó dà pọ̀. Nínú àrà àkọ́kọ́, ọkùnrin yóò ju obìnrin sókè tààrà, obìnrin yóò yí ara rẹ̀ po nínú afẹ́fẹ́, ọkùnrin yóò sì gbà á mú ní ìbàdí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan yìnyín. Nínú èkejì, ọkùnrin yóò jù ú lọ sí ọ̀nà jíjìn, obìnrin yóò yí po, yóò sì fi ẹsẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tó ya àrà méjèèjì sọ́tọ̀ láìsí wàhálà, èyí ni "hán": aṣọ́lé a máa hán bọ́ọ̀lù, ọmọdé a sì máa hán máńgòrò tó ń já bọ̀ láti orí igi. Àrà àkọ́kọ́ jẹ́ "ìjùhán", èkejì jẹ́ "ìjùfò".

Gírámà wa gan-an ló gbè mí lẹ́yìn. Bí a bá ní "ó ra ẹja tà", ẹni tó rà náà ló tà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí nínú "jù hán", ọkùnrin kan náà ló ṣe méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí a bá ní "ó tì í ṣubú", ẹni tí a tì ló ṣubú, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí a jù ló fò nínú "ìjùfò". Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé kò yẹ kí a lo "jù" fún ènìyàn, kí ó rántí bàbá tó ń ju ọmọ rẹ̀ sókè tó ń hán an, tí ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a wá dán wọn wò. Ní Pyeongchang, níbi Òlíńpíìkì ọdún 2018, lẹ́yìn eré kúkúrú tó jẹ́ apá àkọ́kọ́ ìdíje náà, ipò kẹrin ni Savchenko àti Massot wà pẹ̀lú máàkì 76.59, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni Massot yí po nínú ìfò tó yẹ kó ti yí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Sui Wenjing àti Han Cong ti Ṣáínà ló wà níwájú pẹ̀lú 82.39. Lọ́jọ́ kejì, nínú eré gígùn tó jẹ́ apá kejì, ìjùhán wọn ga, Savchenko sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ìjùfò méjèèjì. Máàkì 159.31 ni wọ́n gbà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbà rí títí di ọjọ́ náà, àròpọ̀ rẹ̀ sì di 235.90 sí 235.47 ti àwọn ará Ṣáínà. Ọmọ ọdún 34 ni Savchenko nígbà náà, Òlíńpíìkì rẹ̀ karùn-ún sì ni. Bí ẹ bá fi "ìjùsókè" rọ́pò ọ̀rọ̀ méjèèjì níbẹ̀, òǹkàwé kò ní mọ ìgbà tí obìnrin náà dá nìkan wà lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ó ku "òòyì ikú". Àwọn èdè òkèèrè ló fi ikú sínú orúkọ yẹn, kò sì sídìí tí a fi gbọ́dọ̀ rù ú wálé. Ọkùnrin yóò fi ṣóńṣó abẹ rẹ̀ gún yìnyín, yóò lóṣòó síbẹ̀, yóò di ọwọ́ obìnrin mú, obìnrin náà yóò sì máa yí i ká lórí abẹ ẹsẹ̀ kan, tí orí rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ẹni tó bá dá yí lójú kan bí òkòtó ló ń pòòyì, "ìpòòyì" sì tọ́ sí ìyẹn. Fún èyí, "ìyíèèkànká" ni mo dá, nítorí pé bí èèkàn ni ọkùnrin náà ṣe dúró. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ewúrẹ́ ni a máa ń so mọ́ èèkàn, bẹ́ẹ̀ sì ni agbára àti ọgbọ́n obìnrin náà pọ̀ nínú àrà yìí. Bí ẹnìkan bá ní ọ̀rọ̀ tó sọ ìdúró ọkùnrin náà láìso obìnrin mọ́lẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó mú un wá, n ó sì fi tèmi sílẹ̀.