Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni kí n fi kọ́ ilé adìẹ ẹ̀yìnkùlé?

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn): Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ kọ́ ilé adìẹ sẹ́yìnkùlé, adìẹ ẹlẹ́yin 20 péré. Páànù asbẹ́sítọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣí lórí ilé bàbá ọkọ mi wà nílẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀kùn pákó àtijọ́ mẹ́ta tí ọ̀dà ara wọn ti ń ṣí. Káfíńtà ní kí n má náwó, pé òun á fi ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù pa igi lára nítorí ikán. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ má jẹ́ kó fi ayùn kan asbẹ́sítọ́ọ̀sì yẹn rárá. Eruku rẹ̀ tí èèyàn bá fà símú, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń jókòó sí. Ẹ ra páànù tuntun. Tí ẹ bá ń bẹ̀rù ooru, ẹ gbé òrùlé ga, kí ẹ da imọ̀ ọ̀pẹ lé e. Tèmi jọ ahéré ẹlẹ́mu, àmọ́ àwọn adìẹ mi kì í mí hẹlẹhẹlẹ lọ́sàn-án.

Àgbà Káfíńtà: Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí ẹlẹgbẹ́ mi, ṣùgbọ́n kò gba ọ̀nà. Gbogbo ohun tí adìẹ bá rí ló ń ṣá. Ọ̀dà ilẹ̀kùn àtijọ́ sábà máa ń ní òjé nínú, májèlé sì ni òjé. Adìẹ á ṣá èépá rẹ̀ jẹ, òjé á wọ inú ẹyin, àwọn ìbejì ni yóò sì jẹ ẹyin. Ọ́ìlì tó ti inú ẹ́ńjìnnì jáde náà ò mọ́. Ti ikán kò le: ẹ má jẹ́ kí igi kan ilẹ̀. Ẹ to búlọ́ọ̀kù ìlà mẹ́ta, ẹ rẹ́ ẹ, kí pákó tó bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Igi apá dára bí owó bá wà. Ẹ má ra àfàrà, oúnjẹ ikán ni.

Adìẹ-ò-sùn: Wáyà ńkọ́? Èyí tó ní ojú ńláńlá yẹn, adìẹ nìkan ló ń dá dúró. Ejò àti eku á kàn gba ibẹ̀ kọjá ni. Ẹ ra èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ ààbọ̀ ínṣì, tí wọ́n jó pọ̀. Àṣìṣe tèmi rèé: a gé wáyà tán, a ò ṣa ègé rẹ̀. Adìẹ méjì kú. Nígbà tí mo la iwe ọ̀kan, ègé wáyà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Síǹkì tí wọ́n fi bo wáyà, májèlé ni fún ẹyẹ. Báyìí, òòfà inú sípíkà àtijọ́ ni mo fi ń gbá ilẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Báwo ló ṣe yẹ kó fẹ̀ tó? Ṣé kí n lọ kó ìyẹ̀fun pákó ní Bódìjà tẹ́ sílẹ̀?

Àgbà Káfíńtà: Adìẹ mẹ́rin sí mítà kan níbùú lóròó, ẹ nílò bíi márùn-ún irú rẹ̀. Ẹ má kó èyí tó kúnná bí ẹ̀lùbọ́, á máa mú wọn sín. Èyí tí wọ́n fá, tó ká bí irun, ni kí ẹ bèèrè, kí ẹ sì rí i pé igi tí wọn ò tíì fi oògùn pa ni. Àwọn ilẹ̀kùn yẹn, ẹ má fi dáná o.

Ìyá Ìbejì: Yéè! Mo ti fi ọ̀kan se ẹ̀wà lánàá.

Àgbà Káfíńtà: Háà, ìyá wa. Ẹ kó eérú rẹ̀ dànù, kí adìẹ má lọ fi wẹ̀.