Ìmísí àbí àwòkọ́ṣe? Èsì lórí ọ̀rọ̀ àwòrán tó ń rìn

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín.

Àbúrò wa tó ń ṣe fídíò kọ̀wé nípa àwọn iṣẹ́ tó ti ń wò láìpẹ́ yìí, àwọn fíìmù àti àwọn àkọlé fíìmù tí lẹ́tà ti ń fò tí wọ́n ń yí, ó sì pe gbogbo wọn ní "ìmísí mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí". Ẹnì kan fèsì pé Bíbélì ló ni ìmísí, kó fi sílẹ̀. Ẹlòmíì ní kó lo ìwúrí. Ẹ̀gbọ́n wa kan wá ní ká kúkú gbé ìmísí fún iṣẹ́ mímú àwòrán rìn fúnra rẹ̀, torí pé "animation", orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe iṣẹ́ náà, wá láti inú èdè Látìn, níbi tí "anima" ti túmọ̀ sí èémí tàbí ọkàn. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun, ọ̀rọ̀ náà sì ká mi lára. Ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

"Mí sí" ló di ìmísí. Ẹni tí wọ́n mí sí kò wá nǹkan kan lọ. Nǹkan ló wá bá a. Bí Bíbélì ṣe lò ó nínú Tímótì Kejì nìyẹn, níbi tó ti ní gbogbo ìwé mímọ́ ló ní ìmísí Ọlọ́run. Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó níbòmíì o. Ìgbà mìíràn wà tí ohun tí mo ti ń wá láti àárọ̀ á ṣàdédé yọ sí mi lọ́kàn lóru, èmi náà á sì pe ìyẹn ní ìmísí. Ṣùgbọ́n ohun tí àbúrò wa ròyìn kọ́ nìyẹn. Ó jókòó, ó wò, ó dá a padà, ó tún un wò, ó lọ dán an wò. Ní ti ìwúrí, ohun tó ṣe èèyàn lórí nìkan ló ń sọ. Fíìmù lè wú mi lórí gan-an, kí n sì paná kí n lọ sùn.

Èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ tó bá a mu: àwòkọ́ṣe. A wò ó, a kọ́ ọ, a ṣe é. Mo mọ̀ pé èèyàn la sábà máa ń pè bẹ́ẹ̀, pé olùkọ́ tàbí òbí jẹ́ àwòkọ́ṣe rere, àmọ́ ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò, kò sí èèyàn kankan nínú rẹ̀. Ìṣe mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì pé sínú iṣẹ́ àbúrò wa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí àkọlé fíìmù kan tí lẹ́tà kan ti já bọ́ láti òkè. Mo dá a dúró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ síwájú ní fírémù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fíìmù. Fírémù 24 ni fíìmù máa ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́tà náà dé àyè rẹ̀ ní fírémù kẹsàn-án, kò dúró. Ó lọ sísàlẹ̀ fún fírémù mẹ́ta sí i, ó wá gòkè padà, ó jókòó. Fírémù mẹ́ta yẹn kò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ojú lásán kò rí i, síbẹ̀ òun ló jẹ́ kí lẹ́tà náà wúwo. Nígbà tí mo wá ń ṣe iṣẹ́ tèmi, ewé ni mo fẹ́ mú já bọ́. Ewé kò wúwo, nítorí náà mo mú àpọ̀jù yẹn kúrò, mo jẹ́ kó máa fì sọ́tùn-ún sósì kó tó balẹ̀. Bó bá ṣe lẹ́tà yẹn gan-an ni mo gbé, pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀ àti bó ṣe já, àwòkọ ni ì bá jẹ́, irú èyí tí ọmọ ilé ìwé ń ṣe tó bá ń yọjú wo ìwé ẹnìkejì. Kọ tí a fi ń kọ̀wé, kọ́ tí a fi ń kọ́ṣẹ́: àmì ohùn kan ló yà wọ́n.

Àpẹẹrẹ kan wà nínú fíìmù Spider-Man: Into the Spider-Verse, tó jáde ní 2018. Àwòrán 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dúró fún fírémù méjì, ni wọ́n fi mú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba agbára aláǹtakùn rìn, tí àgbà tó ń kọ́ ọ sì ń lo 24. Àwọn méjèèjì jọ ń fò láàárín igi nínú igbó kan náà, ọmọ náà ń ta gọ́gọ́, ojú wa sì gbà láìbéèrè pé kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó rí ìyẹn, tó wá lọ fi iye àwòrán sọ bí ẹ̀rù ṣe ń ba ẹnì kan nínú fídíò tirẹ̀, kí la fẹ́ pe ohun tó ṣe bí kì í bá ṣe àwòkọ́ṣe?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa ló kàn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ohun tí Látìn rò nípa èémí kò di dandan fún wa. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe ni kí a wò. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń pe iṣẹ́ yìí kò tó, torí ẹ̀fẹ̀ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. "Àwòrán yíyà" pàápàá kò kó o já. Ẹ wo mẹ́ta nínú àwọn tó ti ṣe irú fíìmù báyìí. Lotte Reiniger fi àlùmọ́gàjí gé bébà dúdú, ó so oríkèé wọn pọ̀, ó fi ṣe odindi fíìmù kan ní 1926. Len Lye kun ọ̀dà sára téèpù fíìmù fúnra rẹ̀ ní 1935, kò lo kámẹ́rà. Ní 1952, Norman McLaren mú àwọn èèyàn gidi, ó ń sún wọn díẹ̀díẹ̀, ó ń ya fírémù kọ̀ọ̀kan. Ohun kan ṣoṣo ló pa gbogbo wọn pọ̀: ẹnì kan tò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì rìn. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá <b>àwòrán àtòrìn</b>. Ìrísí kan náà ni òun àti àwòkọ́ṣe ní. Ó súnmọ́ àtòrì tí wọ́n fi ń na ọmọ, lóòótọ́, ṣùgbọ́n imú tí a fi ń pe òpin rẹ̀ yà wọ́n.

Fún ọnà tí a ń fi lẹ́tà àti àmì ṣe, "motion graphics" lẹ́nu òyìnbó, èyí tí ẹnì kan pè ní "ìṣètò ìṣípòpadà", mo fara mọ́ <b>ọnà arìn</b>. Àwọn kan ní lẹ́tà tó ń wú lójú kan kò rìn. Òótọ́ ni. Amúlétutù náà, ilé ló wà nínú orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ a ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ ṣáà fi àmì sí i, torí "ona arin" láìsí àmì á mú kí ẹlòmíì ronú ọ̀nà àárín.

Ibi tí èdè wa ti ju gbogbo orúkọ wọ̀nyí lọ ni bí nǹkan ṣe ń yára àti bó ṣe ń rọra. Lórí kọ̀ǹpútà, ìlà kọdọrọ kan la máa ń fà láti sọ ọ́. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ pé kó jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yí gbirigbiri, kí aṣọ máa fẹ́ lẹ́lẹ́, kí òkúta ṣubú gbì, kí òjìji kọjá fìrì, ó ti mọ irú ìlà tí yóò fà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ ká lọ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ gígùn fún ìwọ̀nyí.

Ohun kan ṣoṣo ni mi ò tíì rí orúkọ fún: fírémù mẹ́ta tí lẹ́tà yẹn fi kọjá àyè rẹ̀ kó tó padà. Ó ré kọjá ni, ṣùgbọ́n bí mo bá kọ "ìrékọjá" sílẹ̀, àjọ inú Bíbélì ni gbogbo ẹni tó bá kà á máa rántí. Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ sí i.