Kí ni ojú yín ti rí nídìí àgbo inú ìgò?

Ìyá Àdùnní, Ìjẹ̀bú-Òde
Mo kí gbogbo ilé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ra ìgò àgbo jẹ̀díjẹ̀dí méjì lẹ́bàá ọ̀nà. Mo mu ìlàjì ife nínú ti àkọ́kọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ilẹ̀ sì mọ́ bá mi nínú ilé ìyàgbẹ́, pẹ̀lú èébì àti ara gbígbóná. Nígbà tí mo pe ẹni tó tà á fún mi, ó ní kí n má fòyà, pé oògùn ló ń ṣiṣẹ́, pé ìdọ̀tí inú ni ó ń fọ̀ jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni mo yí ìdérí ìgò kejì. Ó hó ṣàà bí ẹlẹ́rìndòdò, ìfófòó ṣàn sí mi lọ́wọ́, nígbà tí mo sì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ohun kan bí òwú funfun ń léfòó ní ọrùn ìgò náà. Mo ti dé e padà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ojú tiyín ti rí?

Ọmọ Ìpẹru
"Oògùn ló ń ṣiṣẹ́" yìí gan-an ni wọ́n sọ fún ìyá mi títí ojú rẹ̀ fi jìn.

Bàbá Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí a ṣe é pẹ̀lẹ́. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń mu àgbo, ilé ni a sì ti ń sè é. Ìkòkò amọ̀ ni a fi ń sè é. A máa ń gbé e kaná ní òwúrọ̀, a tún máa ń gbé e kaná ní alẹ́, bí ó bá sì ti ń kan, a ó dà á nù, a ó wá ewé tuntun. Kò sẹ́ni tó ń gbé àgbo omi pamọ́ fún oṣù mẹ́ta nínú ike nígbà náà. Ẹ má tìtorí ìgò kan sọ pé gbogbo egbòogi ni ó bàjẹ́. Ṣé ó dá ẹ lójú, Ìyá Àdùnní, pé kì í ṣe oúnjẹ tí o jẹ lọ́jọ́ náà ni?

Ìyá Àdùnní, Ìjẹ̀bú-Òde
Ó dá mi lójú, bàbá. Ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ tí gbogbo ilé jọ jẹ ni mo jẹ, èmi nìkan ni mo sì dùbúlẹ̀.

Ọmọ Ìpẹru
Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá mi. Gbogbo wa mọ̀ pé bí ewé àsúnwọ̀n bá wà nínú àgbo, inú gbọ́dọ̀ ṣí. Nítorí náà, nígbà tí inú rẹ̀ ń ṣí, kò sí ẹni tó fura. Ọjọ́ kẹta ni mo fọwọ́ kan awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, mo fà á sókè díẹ̀, kò sì tètè padà sípò. Ahọ́n rẹ̀ ti gbẹ bí páànù. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti fa omi sí i lára. Ó yẹ kí á ti máa fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà láti ọjọ́ kìíní, ṣùgbọ́n gbogbo wa ń dúró kí àgbo parí iṣẹ́ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣàgámù
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìmọ̀ ìpoògùn ni mo ń kọ́, mo sì ti rí egbòogi tí wọ́n tà lọ́jà lábẹ́ ẹ̀rọ amúnǹkan-tóbi, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Gbòǹgbò àti èèpo igi máa ń kó iyẹ̀pẹ̀ wá, inú iyẹ̀pẹ̀ sì ni àwọn kòkòrò bíi Bacillus cereus ń gbé. Bí oúnjẹ bá tán fún irú kòkòrò yìí, ó máa ń fi èèpo líle bo ara rẹ̀ bí irúgbìn, kò sì ní kú sínú omi híhó. Bí àgbo náà bá wá tutù díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì nínú ooru tiwa yìí, irúgbìn náà yóò tún hù. Gbígbé e kaná lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ tí bàbá sọ ń pa àwọn tó ti hù kí wọ́n tó pọ̀, ọgbọ́n gidi sì ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tu oró tó ń fa èébì sínú rẹ̀, iná kò lè ba oró náà jẹ́ mọ́. Ara gbígbóná, èébì, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí inú tó ń ṣí kọjá ọjọ́ kan: kì í ṣe iṣẹ́ àsúnwọ̀n, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní òṣùwọ̀n fún egbòogi tí à ń gbé mì: gíráàmù kan kò gbọ́dọ̀ ní ju bakitéríà 100,000 lọ, kò gbọ́dọ̀ ní ju kòkòrò ìbu 1,000 lọ. E. coli tó ń ti inú ìgbẹ́ wá kò gbọ́dọ̀ ju 10 lọ, Salmonella, kòkòrò mìíràn tó ń da inú rú, kò sì gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ rárá.

Ọmọ Alárè
Èmi kì í mu olómi. Ọlọ́tí ni mo ń mu. Kòkòrò wo ni yóò wà láàyè nínú ògógóró?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣàgámù
Ẹ̀gbọ́n, ọtí tó le dáadáa ń pa èyí tó wà láàyè, ṣùgbọ́n kì í pa èyí tó wà nínú èèpo líle yẹn. Bí wọ́n bá sì ti bu omi là á kí ó lè pọ̀, agbára tí ẹ gbọ́kàn lé ti lọ.

Ìyàwó Awakọ̀
Ẹ tún wo ife. Ní ibùdókọ̀ tí ọkọ mi ti ń gbé èrò, ife kan ṣoṣo ni gbogbo awakọ̀ fi ń mu àgbo, garawa omi kan náà ni wọ́n sì fi ń ṣàn án láti òwúrọ̀. Bí ó bá fi máa di ọ̀sán, omi garawa náà ti pọ́n.

Ọmọ Ẹlẹ́wé, Òkè-Àjẹ
Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, nítorí pé ẹlẹ́wé ọmọ ni ìyá mi, owó egbò àti tagíiri ni wọ́n sì fi rán mi níwèé. Ìyá mi kì í sá èèpo igi sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Orí àkéte tí wọ́n gbé sórí pákó ni, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀. Bí òjò bá pọ̀, wọ́n máa ń ti ọwọ́ bọ inú àpò. Bí wọ́n bá bá ooru níbẹ̀, àpò náà ti ń bàjẹ́ nìyẹn, wọn yóò tú u, èyí tó bá sì ti ní ẹ̀tù aláwọ̀ ewé lára, wọn kì í tà á. Mo mọ àwọn tó ń fi aṣọ nu irú èyí, tí wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ ṣe àgúnmu, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè dá a mọ̀ mọ́ bí ó bá ti di lúbúlúbú. Ẹ̀rọ tó lọ ẹ̀lùbọ́ àti ata ní òwúrọ̀ náà ló tún máa ń lọ̀ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣàgámù
Ẹ kú iṣẹ́ ìyá wa. Nínú irú ìbu bẹ́ẹ̀ ni oró aflatoxin ti lè wá, ẹ̀dọ̀ ni ó sì ń bà jẹ́. Fífi aṣọ nù ún kò mú un kúrò, sísè kò sì pa á run.

Ọmọ Alárè
Ẹ ra èyí tó ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọmọ Ìpẹru
Kò parí, ẹ̀gbọ́n. Láti 1993 ni wọ́n ti dá NAFDAC sílẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì wúlò, ṣùgbọ́n ìgò tí ìyá mi mu ní nọ́ńbà lára. Ẹnikẹ́ni lè tẹ nọ́ńbà sára bébà. Ẹ tún ka ìlà kékeré tó máa ń wà lára ìgò egbòogi, tó sọ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní oògùn náà ń wò sàn wò.

Bàbá Ìkẹ́nnẹ́
Akẹ́kọ̀ọ́, omi kànga ni mo fi ń sè é. Ṣé kò burú?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣàgámù
Bí kànga náà bá jìnnà sí ṣáláńgá, tí ẹ sì jẹ́ kí omi náà hó dáadáa, ẹ máa sè é bẹ́ẹ̀, bàbá. Èyí tí ẹ fi ń ṣan ìkòkò àti ife lẹ́yìn tí ẹ bá ti sè é tán ni kí ẹ ṣọ́.

Ìyá Àdùnní, Ìjẹ̀bú-Òde
Mo gbé ìgò kejì padà lọ bá ẹni tó tà á ní òwúrọ̀ yìí, mo sì ṣí i lójú rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá sọ fún mi pé àwọn ìgò tí wọ́n ń ṣà lóde àríyá ni òun ń rà, omi tútù ni òun sì fi ń ṣàn wọ́n. Ìgò méje ló kù lórí tábìlì rẹ̀. Ó da mẹ́ta nù sínú gọ́tà lójú mi. Mẹ́rin tó kù, ó ní wọn kò tíì hó, ó sì tún wọn tò.