Kàfé tajá-talájá: èrò mi lórí orúkọ tá à ń wá

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dá sọ́rọ̀ yìí, iṣẹ́ alẹ́ ló ká mi mọ́, àmọ́ mo ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti kọ láti Sátidé. Àǹtí wa tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Yorùbá ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló béèrè pé kí la máa pe irú kàfé tí wọ́n ti ń jẹ́ kéèyàn mú ajá ẹ̀ wọlé kí wọ́n jọ jókòó. Ẹ̀gbọ́n wa n'Íbàdàn ní ká pè é ní "ilé kọfí ọ̀rẹ́-ajá", ẹlòmíì mú "búkà alájá" wá, àbúrò wa kan n'Ílọrin ní "kàfé agbajá", ẹnì kan sì wá sọ pé ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú, pé nǹkan òyìnbó ni, Yorùbá ò kí ń bá ajá jókòó jẹun. Mo ní nǹkan sọ sí gbogbo ẹ̀, torí pé àdúgbò tí irú kàfé bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí ni mò ń gbé, ọ̀rọ̀ yìí sì ti bá mi délé kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Leigh-on-Sea ni mò ń gbé, ní Essex, lára Southend, níbi tí odò Thames ti ń fẹ̀ lọ pàdé òkun. Téèyàn bá wọ rélùwéè ní Fenchurch Street ní Lọ́ńdọ̀nù, á ti débẹ̀ kó tó pé wákàtí kan. Ibi jẹ́jẹ́ ni. Tómi bá ti fà, ẹrẹ̀ ló máa ń kù lọ salalu, àwọn ọkọ̀ kéékèèké á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sórí ẹ̀, nísàlẹ̀ ní Old Leigh wọ́n ṣì ń se cockle tà, ohun kan tó jọ ìṣáwùrú wa àmọ́ inú ìkarahun méjì tó pa dé ló ń gbé. Àwọn tó ń sin ajá níbẹ̀ pọ̀ gan-an. Látọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, káńsù ò gbà kí ajá dé ọ̀pọ̀ nínú etíkun Southend, torí ẹ̀ ojú ọ̀nà tó gba òkè etí omi làwọn èèyàn máa ń mú ajá wọn gbà nígbà ooru, tó bá sì ti rẹ̀ wọ́n, ó di kàfé. Abọ́ omi á wà lẹ́nu ọ̀nà, bísíkíìtì ajá á wà nínú ìgò lórí káńtà, ajá á nà gbalaja sábẹ́ tábìlì, olówó ẹ̀ á máa mu tíì.

Lọ́dún tó kọjá ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Òndó. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dé mo mú wọn jáde kí wọ́n lè na ẹsẹ̀, a kọjá níwájú kàfé kan tí wọ́n ya àwòrán ajá sára gíláàsì ẹ̀, ife kọfí kan tó ń yọ èéfín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá náà. Màmá dúró, wọ́n wo àwòrán yẹn dáadáa, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé wọ́n ń tajá níbí ni?" Ìbéèrè gidi ni o. Ní Òndó àwọn tó ń jẹ ẹran ajá ò fara pa mọ́ jẹ ẹ́, Màmá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹran tí wọ́n mọ̀ náà ni wọ́n ń sè níbí.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fara mọ́ "búkà alájá". Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu wa. Búkà àmàlà, àmàlà ló ń tà. Búkà ẹja, ẹja ló wà nínú ìkòkò. Ẹlẹ́ja ni ẹni tó ń ta ẹja, ẹlẹ́ran ni ẹni tó ń ta ẹran, kí lẹ rò pé ẹni tó bá gbọ́ búkà alájá fún ìgbà àkọ́kọ́ máa rò? "Ilé oúnjẹ ajá" tí ẹnì kan dá sí i lẹ́yìn ìyẹn tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jẹ ajá, ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ fún ajá, ìkejì yìí sì wà lóòótọ́, kàfé míì ní oúnjẹ ọ̀tọ̀ fún ajá torí pé wọn ò kàn lè gé kéèkì èèyàn fún un, ṣokoléètì lè pa ajá, àjàrà gbígbẹ náà léwu fún un. Ìtumọ̀ tá à ń wá gan-an ló wá gbẹ́yìn nínú gbogbo ohun tí gbólóhùn yẹn lè túmọ̀ sí.

Ní ti "ọ̀rẹ́-ajá", ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, mo mọyì iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ń ṣe lórí èdè yìí látìgbà tí mo ti wà nílé ìwé, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ò dá dúró láìsí Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ ẹ̀, ìyẹn "dog-friendly". Lẹ́nu tiwa, èèyàn ló ń bá èèyàn ṣọ̀rẹ́, wọ́n á yan ara wọn, wọ́n á mọ àṣírí ara wọn, tí wọ́n bá ṣẹ ara wọn wọ́n á jà. Ilé tí wọ́n fi bíríkì kọ́ ò lè bá ajá ṣọ̀rẹ́. Mo dán an wò. Mo bi Màmá pé tẹ́nì kan bá sọ pé "ọ̀rẹ́ ajá", kí ni wọ́n gbọ́, wọ́n ní ẹni tó fẹ́ràn ajá, ẹni tí kì í ya ajá ẹ̀. Mo ní tó bá wá jẹ́ ilé ńkọ́, wọ́n ní ilé báwo. Mo rò pé ìdánwò tó yẹ ká máa ṣe fún gbogbo ọ̀rọ̀ tuntun nìyẹn, ká gbé e síwájú ẹni tí kò ní Gẹ̀ẹ́sì lórí tó máa fi bá wa dí àlàfo.

"Agbajá" wù mí tẹ́lẹ̀. Ó kúrú, ó jọ agbàlejò, ẹnu ò kọ̀ ọ́. Ohun tó bà á jẹ́ fún mi ni gbàjá. Ẹ rántí pé ká gba ọ̀já, ká di aṣọ mọ́ra, òun ni gbàjá, ibẹ̀ la sì ti ní ìgbàjá. Lẹ́nu, ohùn máa yà wọ́n sọ́tọ̀, àmọ́ ta ló ń fi àmì ohùn sí pátákó? Lórí pátákó àti lórí fóònù, g-b-a-j-a ni méjèèjì máa jẹ́, ẹni tó bá rí i á máa ronú aṣọ. Àbúrò, ọ̀rọ̀ yín ò burú o, ibi tá a fẹ́ gbé e kọ́ ni kò bá a mu.

Ó wá ku "afàyègbajá" tí àǹtí fúnra wọn mú wá lọ́jọ́ Ajé. Òtítọ́ pọ̀ nínú ìyẹn. Nílùú yìí kò sófin tó ní kí ajá má wọ ibi táwọn èèyàn ti ń jókòó jẹun, ibi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ tí wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀ sí lòfin ò fẹ́ kí ajá dé, torí ẹ̀ ọwọ́ onílé ló kù sí, tó bá wù ú á fàyè gbà wọ́n, tí kò bá wù ú á ní rárá. Fàyè gba, ohun tí kàfé yẹn ṣe gan-an nìyẹn. Mo máa lò ó tí mo bá ń tú ìwé káńsù. Àmọ́ ẹ gbọ́ bó ṣe rí lẹ́nu, ó dún bí ọ̀rọ̀ inú fọ́ọ̀mù, mi ò rí ọmọ ọdún mẹ́wàá tó máa sọ fún ìyá ẹ̀ pé ká lọ sí kàfé afàyègbajá. Ohun kejì ni pé ajá nìkan ló wà nínú ẹ̀, ẹni tó fa ajá dání ò sí ńbẹ̀.

Ẹni yẹn ló sì ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ìyá àgbàlagbà kan wà ládùúgbò wa tí ọkọ wọn ti kú, ajá kan tó ti darúgbó ni wọ́n jọ kù sílé, irú ajá gíga tínrín tí wọ́n fi máa ń sáré ìje. Kò sí ibi tí wọ́n lè lọ, torí ajá yẹn á máa ké ṣáá tí wọ́n bá so ó síta. Ìgbà tí kàfé ìtòsí wa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí ajá wọlé ni mo tó ń rí màmá yìí níta. Àràárọ̀ ni wọ́n ń wá báyìí. Ọmọbìnrin tó ń po kọfí á kí ajá, á gbé omi fún un, á wá yíjú sí màmá pé báwo ni orúnkún yín lónìí, àwọn tó wà ní tábìlì kejì á dá sí i, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ní ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ, àmọ́ níbí èmi rí i pé èèyàn tó lájá lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà ń rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tá a bá dá tí kò bá ní màmá yẹn nínú, ó ti gbàgbé ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún.

Kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, ẹni tó sọ̀rọ̀ bíi pé Yorùbá ò mọ ajá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló bá ọdẹ wọ igbó? Ajá tí wọ́n so ṣaworo mọ́ lọ́rùn ńkọ́? Àwọn bàbá wa tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ń bá aládùúgbò jà, wọ́n á sọ ajá wọn ní Ta-ní-tó-Ọlọ́run, wọ́n á máa pe ajá, ẹni tí wọ́n ń bá wí á máa gbọ́. A mọ ajá. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni digbòlugi, àti àwọn ajá ẹnu géètì tí wọ́n tọ́ láti máa bu èèyàn ṣán. Níbí kò sí digbòlugi lára ajá, síbẹ̀ nígbà tí mo dé, tí ajá bá ti gba abẹ́ tábìlì mi kọjá, ẹsẹ̀ mi á ti gòkè kí n tó mọ̀. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìrírí ilé ló gbé wá, kò yẹ ká fi bú u.

Ìyá ọkọ mi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn àti màmá alájá yẹn ti ń jókòó pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ọwọ́ jíjù díẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ń fọ abọ́, Màmá ń bá àbúrò wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Ilé tíì kan wà níbí, tajá-talájá ni wọ́n jọ ń jókòó síbẹ̀, wọn ò lé ẹnikẹ́ni." Mo pa omi ẹ̀rọ kí n lè gbọ́ ọ dáadáa.

Tajá-talájá! Ẹ wò ó bó ṣe bá ìyókù wa mu: tọmọdé-tàgbà, tọkọ-taya, tọkùnrin-tobìnrin, tilé-toko. Méjèèjì wọlé pọ̀, ajá àti ẹni tó ni í, kò sẹ́ni tó ṣẹ́kù síta. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ, pé "tajá" náà lè jẹ́ ta ajá, a tún ti padà síbi ìbéèrè Màmá. Òótọ́ ni tó bá dá dúró, "kàfé tajá" ò ṣeé gbọ́. Àmọ́ bó bá ti di méjì, etí ò gbọ́ títà mọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni kò ṣe gbọ́ títà nínú tajá-tẹran. Ẹ tún lè sọ pé tajá-tẹran yẹn gan-an kì í ṣe oríyìn, àwọn tí kò já mọ́ nǹkan la fi ń pè. Mo rò ó títí. Èsì mi ni pé ẹran ló gbé àbùkù wọ ibẹ̀, tó kó gbogbo wọn pọ̀ bí ẹran ọ̀sìn láìsí olówó, talájá sì dá olówó ajá padà sínú ọ̀rọ̀. Mo gbìyànjú "tajá-tolówó ẹ̀", ó jọ pé olówó nìkan ló lè wọ kàfé. "Tajá-tolúwa ẹ̀" náà, ẹ mọ ẹni tí Olúwa ń mú wá sọ́kàn wa báyìí. Talájá ló mọ́ jù. Kàfé iwájú ẹ̀, ẹ lè fi ilé kọfí tàbí ilé tíì rọ́pò, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, búkà náà kúkú tọ̀dọ̀ Hausa wá.

Ìbò mi nìyẹn. Kí n fi ọ̀kan kún un torí ẹni tó ni kàfé wa ti ní kí n bá òun kọ Yorùbá sára pátákó tó ń fi oríṣiríṣi èdè kí àwọn èèyàn. Ọmọ mi kọ́kọ́ kọ "Ajá, ẹ káàbọ̀". Màmá ní ta ló ń fi "ẹ" kí ajá, ó sì tún kù, ẹni tó ti dé la máa ń kí káàbọ̀, ẹni tó ń kọjá lọ, ẹ yà là ń sọ fún un. Ohun tá a wá kọ ni "Ẹ yà wá jókòó, tẹ̀yin tajá yín". Pátákó náà ti wà lára gíláàsì báyìí, lábẹ́ àwòrán ajá yẹn.

Ó ku ọ̀kan tó ń dà mí láàmú. Òfin ọdún 2010 tó de ìyàsọ́tọ̀ ò jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù lé ajá tó ń ran aláàbọ̀ ara lọ́wọ́, kódà níbi tí wọn kì í ti í gba ajá, torí ẹ̀ lójú tèmi orúkọ irú ajá bẹ́ẹ̀ náà gbọ́dọ̀ hàn kedere lára pátákó. "Ajá afọ́jú" tí mo rí níbì kan, ajá tí kò ríran nìyẹn. "Ajá amọ̀nà" dáa fún ẹni tí ojú ò ríran. Àmọ́ èyí tó ń bá adití gbọ́ agogo ẹnu ọ̀nà ńkọ́, "ajá adití" máa tún di ajá tí kò gbọ́ràn, mo ti ronú lọ ronú bọ̀, "ajá agbọ́ròó" nìkan ló ń wá sí mi lọ́kàn, kò sì tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ n'Íbàdàn, kí lẹ rí sí i?