Kíndìnrín àti oríkèé ajá nígbà òtútù: ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Winnipeg:
Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ lókè òkun, ẹ kú òtútù o. Ajá mi, Ìfura (Ìfura-loògùn-àgbà lorúkọ rẹ̀ gangan, bàbá mi ló sọ ọ́ lórí fóònù), ti pé ọdún 11. Láti ìgbà tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀, bó bá jí láàárọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á gan. Á dìde díẹ̀, á tún jókòó, kó tó wá rìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà ajá gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀, ó ní kíndìnrín rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì burú. Kí ni mo lè fi ràn án lọ́wọ́ nínú ilé, tí kì í ṣe oògùn lórí oògùn? Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n máa fi ibuprofen (oògùn ara ríro tí èèyàn ń lò) díẹ̀ sínú ẹran fún un nítorí ẹsẹ̀ yẹn.

Àǹtí Aberdeen:
Àbúrò mi, kó o tó ka ohunkóhun mìíràn, jọ̀wọ́, má fún un ní ibuprofen yẹn. Má fún un ní paracetamol náà. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ajá mi ń tiro nígbà kan, mo gé ìdajì oògùn ara mi, mo kì í bọ inú ẹ̀dọ̀ adìyẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ń bì, ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń fa omi sí i lára. Ó yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kíndìnrín rẹ̀ kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ títí ó fi kú. Ibuprofen àti irú rẹ̀ máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lọ sí kíndìnrín kù. Ibi tó ti dùn ún lẹ́sẹ̀ lo ń wò, inú kíndìnrín ló ti ń pa á. Kódà èyí tí dókítà ajá máa ń kọ fún oríkèé, rán an létí ọ̀rọ̀ kíndìnrín kó tó kọ ọ́.

Ohun tó o lè ṣe nínú ilé, omi ni àkọ́kọ́. Ajá mìíràn kì í fẹ́ mu omi tó tutù rinrin, hítà sì ń gbẹ afẹ́fẹ́ inú ilé. Gbé abọ́ méjì tàbí mẹ́ta kalẹ̀, má ṣe jẹ́ kó di ìgbà tó bá rìn jìnnà kó tó mu. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kó o bù sí i. Èmi máa ń da omi gbígbóná sórí oúnjẹ gbígbẹ, màá fi sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òórùn rẹ̀ á gba ilé kan, oúnjẹ á wú, ajá á lá abọ́ náà títí yóò fi máa dún lórí ilẹ̀. Omi adìyẹ bíbọ̀ náà dára, bí kò bá ti sí iyọ̀, mágí, àlùbọ́sà tàbí ááyù nínú rẹ̀. Àlùbọ́sà àti ááyù ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Kéèkì Kérésìmesì tó ní àjàrà gbígbẹ, gbé e jìnnà sí i pátápátá. Àjàrà lè ba kíndìnrín ajá jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Bó bá tọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, má fi omi dù ú. Kíndìnrín tó ti rẹ̀ kò lè fa omi padà sínú ara bíi ti tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi ń pọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àárò ilé o. Ẹja kò ṣe é fi ṣeré. Orí ẹja àti eegun rẹ̀ ni ajá wa níbí ń jẹ títí tó fi darúgbó, ó sì ń sáré.

Àǹtí Aberdeen:
Ẹ ṣeun, Màmá. Òótọ́ lẹ sọ nípa ẹja. Òróró inú rẹ̀ ń mú kí wíwú oríkèé rọlẹ̀, ó sì dára fún kíndìnrín, nǹkan kan tó ń ṣe méjèèjì lóore. Ọ̀rọ̀ eegun àti orí nìkan ni kí Ìfura yà fún: phosphorus inú wọn pọ̀, kíndìnrín tó rẹ̀ kò sì lè lé e jáde. Àbúrò, òróró ara ẹja ni kó o rà, kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀ ẹja cod, torí vitamin A àti D inú ìyẹn pọ̀ jù. Dókítà á sọ ìwọ̀n.

Bọ̀dá Calgary:
Ti oríkèé ni èmi fẹ́ fi kún un. Ìrìn kúkúrú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ sàn ju wákàtí kan lọ́jọ́ Sátidé. Tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sójú ọ̀nà tó ń gbà láti ibùsùn dé ibi abọ́ rẹ̀, torí ilẹ̀ tó ń yọ̀ ló ń fa iṣan ìtan ya. Fóòmù tó nípọn ni kó sùn lé. Gé èékánná rẹ̀. Bí ó bá sanra, dín oúnjẹ kù: ìwádìí ọdún 14 kan lórí ajá Labrador 48, tó jáde ní 2002, fi hàn pé àwọn tí wọ́n dín oúnjẹ wọn kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ ní bí ọdún méjì, oríkèé wọn sì pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ń rù fúnra rẹ̀, má dín in kù o, sọ fún dókítà.

Bẹ́ ẹ bá wọlé, fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, kó má lá iyọ̀ ojú títì. Wo abẹ́ mọ́tò pẹ̀lú. Kúláǹtì (omi tí wọ́n ń dà sínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò) tó bá kán sílẹ̀ máa ń dùn lẹ́nu ajá, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń pa kíndìnrín. Bó bá lá a, má dúró kó o rí àmì, gbé e lọ ní wákàtí yẹn gan-an.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Winnipeg:
Mo dúpẹ́ gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti da ibuprofen yẹn nù. Glucosamine tí wọ́n ń tà fún oríkèé ńkọ́?

Bọ̀dá Calgary:
Èmi rà á fún ọdún méjì, mi ò rí ìyàtọ̀, ẹ̀rí tó wà lórí rẹ̀ náà kò lágbára. Owó yẹn, fi ra òróró ẹja.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Winnipeg:
Mo wọn omi lónìí. Mo da lítà 1 sínú abọ́ láàárọ̀, ó ku ìdajì lálẹ́. Kílò 24 ni Ìfura, oúnjẹ gbígbẹ ló sì jẹ.

Àǹtí Aberdeen:
Kéré ni. Ajá máa ń lo bíi mílílítà 50 sí 60 lórí kílò kan lójúmọ́, tinú oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Tìẹ yẹ kó ju lítà kan lọ. Rẹ oúnjẹ alẹ́ yìí sínú omi, kó o tún wọ̀n ọ́n lọ́la, kó o kọ ọ́ síbí. Bó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í mu ju lítà 2 lọ, ìyẹn náà, pe dókítà.